Láti Gbẹ́rẹ́ dé Abẹ́rẹ́: Ìtàn Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C àti Àwọn Tí Ń Gún Oògùn Olóró Sára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí bá ìtàn àrùn kan mu, àrùn tí ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé àlejò wà nínú ilé òun. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi C ni orúkọ rẹ̀. Hepatitis C ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé, abẹ àti abẹ́rẹ́ sì ni ẹṣin tí ó máa ń gùn. Lóde òní, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, àwọn tí ń gún oògùn olóró sára ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tú ìtàn àrùn náà délẹ̀, yóò rí i pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n dé kẹ́yìn. Àṣà ti gun ẹṣin náà kọjá, ìjọba ti gùn ún, ilé ìwòsàn pàápàá ti gùn ún, kí ó tó di pé ọ̀dọ́ kan fi abẹ́rẹ́ àlòkù wá iṣan apá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ọjà Ọba ní Ìbàdàn yẹ fún ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ọjà Ìbà ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, láti ara oyè Ìbà tí Olúyọ̀lé jẹ. Ẹnu èrò ni ó sọ ọ́ di Ọjà'ba, tí ìwé wá ń pè é ní Ọjà Ọba. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ ìlú náà dó ní 1829 ni ọjà yìí ti wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ń wò ó láti orí òkè, ọ̀nà Bẹẹrẹ sì ń tú èrò sínú rẹ̀ láràárọ̀. Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń ta ewé àti egbò. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ara ń ro lè rí oníṣègùn ìbílẹ̀ tí yóò sín in ní gbẹ́rẹ́, ó sì lè rí kẹ́mísìtì tí yóò gún un lábẹ́rẹ́. Gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ jọra létí, iṣẹ́ wọn náà sì jọra: méjèèjì ń ṣí awọ ara kí oògùn lè bá ẹ̀jẹ̀ pàdé. Ọ̀nà tí oògùn gbà wọlé ni àrùn náà lè gbà wọlé, bí irin tí wọ́n lò bá ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rí.

Yorùbá ti ń lo abẹ tipẹ́. Olóólà ń kọ ilà sójú ọmọ, ó sì ń kọ ilà abẹ́ fún ọmọkùnrin. Oníṣègùn ń sín gbẹ́rẹ́ sí orí, sí àyà, sí ọrùn ẹsẹ̀. Nínú agbo ilé ńlá, abẹ kan ṣoṣo lè kan ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá tàbí ní ilẹ̀ òyìnbó, pé ohun tí ojú kò rí lè dúró sára irin kí ó sì di àrùn. Ṣùgbọ́n abẹ olóólà kì í yára. Láti agbo ilé kan sí òmíràn ni ó ń lọ, láti ìran kan sí òmíràn. Àrùn tí ó bá gùn ún yóò bá a rin ìrìn ìjàpá.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ẹ̀yà kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ní 1975, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn kan tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe oríṣi A, tí kì í sì í ṣe oríṣi B. Fún ọdún mẹ́rìnlá, àrùn náà kò ní orúkọ gidi. Ní 1989 ni Michael Houghton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kòkòrò náà jáde sí gbangba. Ní 2020, òun, Harvey Alter àti Charles Rice jọ gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà. Lónìí, ẹ̀yà ńlá mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ti kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdílé lábẹ́ rẹ̀, irú bí 1a, 1b, 3a àti 4a. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀yà ńlá kan sí èkejì tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àmì tí a fi dá wọn.

Ní ayé ogun, ojú ènìyàn ni ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹni tí ó kọ àbàjà yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ gọ̀ǹbọ́, ẹni tí ó kọ pélé yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ kẹ́kẹ́. Bí wọ́n tilẹ̀ kó ènìyàn lẹ́rú lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ó bá mọ ilà yóò mọ ibi tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀yà kòkòrò yìí rí. Ilà ni ó wà lójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń ka ilà náà, wọ́n ń fi ti ìlú kan wé ti èkejì, wọ́n sì ń fojú bu ìgbà tí ẹbí kan pínyà kúrò lára òmíràn.

Ohun tí wọ́n kà ni pé kòkòrò yìí kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yà 2 pọ̀ ní oríṣiríṣi ìdílé ní agbègbè yìí ju ibikíbi lọ ní àgbáyé, èyí tí ó fi hàn pé ibẹ̀ ni orírun rẹ̀. Ẹ̀yà 1 náà ti pẹ́ ní agbègbè náà. Ẹ̀yà 4 ni ó gbilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà àti ní Íjíbítì, nígbà tí ẹ̀yà 3 àti 6 jẹ́ ti ilẹ̀ Éṣíà. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yà 1 àti 2 ni àwọn oníwádìí máa ń bá pàdé jù. Wọ́n tún bá àwọn ìdílé ẹ̀yà 2 ní erékùṣù Màtìníìkì ní òkun Karíbíánì, wọ́n sì gbà pé òwò ẹrú ni ó gbé e débẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kó ọmọ ènìyàn kọjá òkun kó ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ pẹ̀lú wọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àrùn náà rìn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó fún un ní ẹṣin sísáré ni sírínjì. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fìdí múlẹ̀, àwọn dókítà ológun àti ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ bá àrùn jà láti ìlú dé ìlú. Wọ́n gbógun ti àrùn oorun tí eṣinṣin ń fà, wọ́n gbógun ti ibà, wọ́n sì gbógun ti yaws, àrùn tí ń sọ ara àwọn ọmọdé di egbò. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF dara pọ̀ láti fi abẹ́rẹ́ pẹnisílínì pa yaws run. Láàárín 1952 sí 1964, wọ́n tọ́jú nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 46, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo a máa gbẹ́ egbò tí àgbo oṣù púpọ̀ kò gbẹ́. Ẹ̀rù ńlá ni èyí jẹ́ lójú àwọn tí ó rí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìfẹ́ abẹ́rẹ́ ti wọ àwọn ènìyàn lára. Títí di òní, aláìsàn mìíràn kò gbà pé wọ́n tọ́jú òun bí wọn kò bá gún òun lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ayé ìgbà náà kì í ṣe ti àlòsọnù. Díńgí àti irin ni wọ́n fi ṣe sírínjì. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n sì ń lò ó padà. Níbi tí èrò bá ti tò lọ bí ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, tí iná kò tó, tí òṣìṣẹ́ kò tó, abẹ́rẹ́ a máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó jinná nínú omi. Ohun tí abẹ olóólà ń ṣe ní ìran kan, abẹ́rẹ́ ń ṣe é ní òwúrọ̀ kan.

Íjíbítì ni ẹ̀rí rẹ̀ hàn sí jù. Àrùn àtọ̀sí ajá tí ń ti inú omi odò wọ ara ń ba àwọn àgbẹ̀ etí odò Náílì jẹ́. Láti àwọn ọdún 1950 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba ń gún wọn lábẹ́rẹ́ tartar emetic, ọ̀pọ̀ ìgbà fún ẹnì kan ṣoṣo, pẹ̀lú sírínjì tí wọ́n ń lò padà. Ní 2000, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ètò ìwòsàn náà ni ó tan jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, pàápàá ìdílé 4a, káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Íjíbítì wá di ọ̀kan lára àwọn ibi tí àrùn yìí pọ̀ sí jù lágbàáyé. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi. Ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe.

Ní Ebolowa, ní gúúsù Kamẹrúùnù, Jacques Pépin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2010. Ju ìdajì àwọn arúgbó náà lọ ni ó ní àmì kòkòrò náà lára. Nígbà tí wọ́n wá ohun tí ó fà á, abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n ń gún sínú iṣan ní ayé amúnisìn ni ó kọ́kọ́ hàn. Fún àwọn ọkùnrin, ilà abẹ́ tí oníṣẹ́ ìbílẹ̀ kọ fún wọn hàn pẹ̀lú. Gbẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ pàdé nínú ara àwọn arúgbó kan náà.

Ilẹ̀ òyìnbó kò yọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì kó àrùn yìí nítorí ìwà ìgbà èwe wọn, pé oògùn olóró ni wọ́n ń gún. Ní 2016, Jeffrey Joy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ilà ojú ìdílé 1a ní Àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àárín 1940 sí 1960 ni ó tàn jù, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà tó dàgbà tó ẹni tí ń gún oògùn olóró. Ilé ìwòsàn àti sírínjì onídíńgí ni ó kọ́kọ́ tàn án. Nígbà tí sírínjì oníke àlòsọnù gbòde, ìtànkálẹ̀ náà rọlẹ̀. Àwọn tí wọ́n di ẹ̀bi náà rù fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá iná náà.

Ìbàdàn ní tirẹ̀ gba ilé ìwòsàn ńlá UCH ní 1957, ìlú náà sì di ibi tí aláìsàn ń wá láti gbogbo ìhà. Fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára gba ẹ̀mí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ó gba ti ọmọ tí ibà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó sì gba ti ẹni tí ọkọ̀ kọ lù. Ṣùgbọ́n kí 1989 tó dé, kò sí ilé ìwòsàn kan lágbàáyé tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ọdún 1989 yẹn kan náà ni ìjọba ológun Nàìjíríà fi òfin kejìdínláàádọ́ta dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tí yóò máa gbógun ti oògùn olóró. Òfin líle ti wà ṣáájú rẹ̀. Òfin igbó ti 1966 fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 dúró de ẹni tí ó bá gbìn ín. Nígbà tí heroin àti kokéènì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Èkó kọjá lọ sí òkè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òfin ogún ti 1984 fi ikú kún un, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní oṣù kẹrin 1985. Ẹrù tí ń kọjá kì í kọjá tán. Díẹ̀ a máa já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èéfín ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fi ń fa heroin. Abẹ́rẹ́ dé lẹ́yìn, nígbà tí owó kò tó mọ́, tí ara sì ń béèrè ohun tí yóò yára ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, irú bíi pentazocine, náà wọ inú rẹ̀. Ní 1989 yìí, ìmọ̀ ìṣègùn mọ orúkọ kòkòrò náà, ìjọba sì dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò pàdé.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí oògùn olóró ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ga jù, pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdá 23. Àwọn tí ń gún un sára tó nǹkan bí 80,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, ìwádìí ńlá mìíràn fi hàn pé ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó ní àmì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C lára. Ìwọ̀n yẹn kéré létí, ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ní Dakar, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2011 láàárín àwọn tí ń lo heroin àti kokéènì bá kòkòrò náà lára ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Láàárín àwọn tí ń gún un sára nínú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 39.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kù sínú sírínjì kò pọ̀ tó ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó tó. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan; omi tí wọ́n fi po oògùn, ṣíbí tí wọ́n yọ́ ọ sí àti òwú tí wọ́n fi sẹ́ ẹ lè gbé kòkòrò náà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìdílé 1a àti 3a ni ó máa ń bá irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn. 3a tí ó ti Éṣíà wá ti di ará ilé ní àwọn ìlú tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kòkòrò HIV náà ń gba ọ̀nà kan náà. Láàárín àwọn tí ń gún oògùn olóró ní Nàìjíríà, ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní HIV ní 2014. Nígbà tí yóò fi di 2020, ó ti gòkè dé ìdá 10.9.

Ẹni tí ó ń sá fún ọlọ́pàá kì í gbé abẹ́rẹ́ mímọ́ sápò, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn ni ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú un. Ẹni tí wọ́n ń lé bí ajá dìgbòlugi kì í tọ ilé ìwòsàn lọ, nítorí ojú tí nọ́ọ̀sì yóò fi wò ó yóò dùn ún ju àìsàn lọ. Ìyá rẹ̀ yóò sọ pé ọmọ òun rìnrìn àjò. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa yá sírínjì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Báyìí ni òfin tí wọ́n ṣe láti fi dáàbò bo ìlú ṣe ń bá àrùn ṣọ́nà.

Ohun kan ti ń yí padà. Ní nǹkan bí 2020, Nàìjíríà fi ìpínlẹ̀ mẹ́ta dán ètò pínpín abẹ́rẹ́ tuntun wò fún àwọn tí ń gún oògùn olóró: Abia, Gombe àti Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá mú abẹ́rẹ́ àlòkù wá yóò gba tuntun, yóò sì gba ìmọ̀ràn àti àyẹ̀wò. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, àwọn kan sì bínú pé ìjọba ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwà ìbàjẹ́ lárugẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn dá wọn lóhùn. Nígbà tí ilé ìwòsàn mọ̀ pé sírínjì onídíńgí ni ó ń tan àrùn, wọn kò lé aláìsàn jáde; wọ́n pààrọ̀ sírínjì. Dakar náà kò dúró: ní òpin 2014 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú CEPIAD sí ọgbà ilé ìwòsàn Fann, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn tí heroin dè mọ́lẹ̀ ní methadone kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Ìwòsàn pẹ̀lú ti dé. Nígbà tí sofosbuvir jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2013, 84,000 dọ́là ni ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn 1,000 dọ́là fún hóró kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà àti Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ daclatasvir, ó lè wo ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn sàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà 1 ni ó wà lára wọn tàbí ẹ̀yà 2, 3 tàbí 4. Oògùn náà kò bi kòkòrò léèrè ilà ojú rẹ̀. Íjíbítì tí abẹ́rẹ́ ìjọba bà jẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Láàárín ìparí 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2019, oṣù méje péré, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn wò, wọ́n sì tọ́jú àwọn tí ó ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé yìn wọ́n gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó dé ipò wúrà lórí ọ̀nà àtimú àrùn yìí kúrò nílẹ̀.

Ìbàdàn kò ṣàìní ohun tí yóò fi ṣe é. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí fáírọ́ọ̀sì láti àwọn ọdún 1960 ni, ìlú UCH ni, ó sì wà ní ọ̀kan lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ tuntun láyè. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ènìyàn gbà pé ọ̀dọ́ tí ń gún oògùn olóró sára ní kọ̀rọ̀ jẹ́ ìbátan arúgbó tí ìjọba gún lábẹ́rẹ́ yaws ní kékeré, àti ti aboyún tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní 1985, àti ti ọmọ tí wọ́n fi abẹ tí ó kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sín ní gbẹ́rẹ́. Kòkòrò kan náà ni ó wá gbogbo wọn rí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sì sí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tọ́jú gbogbo ìlú tí wọ́n sì fi ẹni yìí sílẹ̀, àrùn náà yóò jókòó tì í, yóò sì máa dúró de ọjọ́ tí yóò padà wọ ọjà. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ún mọ́.